Ọ̀pá Iṣu Tó Yọ Ewé

Ẹ sún àga yín wọ inú ibòji díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí oòrùn Bìní kì í ṣeré tí òjò bá ti fà sẹ́yìn. Ẹ rí òkìtì yanrìn àti àpò sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́nu géètì nígbà tí ẹ ń wọlé? Nítorí ọgbà yìí ni wọ́n ṣe kó wọn wá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni gbogbo ayálégbé ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ da kankéré bo ẹ̀yìnkùlé láti ògiri dé ògiri, kí mọ́tò lè rí ibi dúró sí, kí ẹrẹ̀ pupa sì yé wọ yàrá. Délé ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó ní, "Grandpa, dem wan concrete your farm o." Ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa, gbogbo yín, ẹ kàn fẹ́ràn kí ẹ máa fi èdè mìíràn dá mi lóhùn ni. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá sọ bí ilẹ̀ kékeré yìí ṣe di ibi tí mò ń gbin nǹkan sí. Igi tó dúró lẹ́yìn yín yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù fún mi.

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, ohun tó ń jí ènìyàn lágbègbè Siluko Road kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Ìró omi ni, tó ń kán láti etí páànù sínú àgbá. Lẹ́yìn náà ni wàá gbọ́ àdá tí àwọn ìyá fi ń gé koríko, àti ohùn wọn tí wọ́n fi ń kí ara wọn láti ẹ̀yìnkùlé kan sí èkejì. Kò sí ilé tí kò ní ọgbà. Ewúro àti efinrin kì í wọ́n lẹ́yìn ilé àwọn ará Bìní, gbọ̀rọ̀ á sì ti fà dé orí ògiri. Lẹ́yìn ilé àwa Yorùbá, tẹ̀tẹ̀ ni, ṣọkọ, ewédú, ilá. Ògiri amọ̀ ni, kò ga ju àyà lọ. Ẹni tí ata rẹ̀ bá so á na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, ẹni tó gbà á á dá ewé ewúro padà. Báyìí, ògiri ga ju ọkùnrin méjì lọ, wọ́n sì to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Inú ọ̀rá ni ẹ ti ń rí ẹ̀fọ́. Lọ́jọ́ kan mo ní kí Délé ya àwòrán ilá fún mi, ó yà á kó rọ̀ sílẹ̀ bí ata ṣọ̀ǹbọ̀. Mo mú un wá síbí kó wá wo ilá bó ṣe ń na ẹnu sókè ọ̀run. Ó yà á lẹ́nu. Mo ní ọmọ yìí ti jẹ ilá tó kún ọkọ̀ ojú omi, kò sì tíì rí i rí.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí òkúta pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ. Tí ọyẹ́ bá dé, ètè á là, ilẹ̀ á là, kànga á máa fún wa ní ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni ìyá mi máa ń gbin ata sí, kí omi tí a fi wẹ̀ má bàa ṣòfò. Ó máa ń fi erùpẹ̀ yí ìdí ata kọ̀ọ̀kan ká bí etí àwo, kí omi tó bá débẹ̀ má rí ọ̀nà sá lọ. Bàbá mi náà, tó bá ti kọ ebè iṣu, á tẹ orí rẹ̀ kó jìn díẹ̀, á fi koríko gbígbẹ bò ó, á sì bu erùpẹ̀ lé koríko náà kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Bó o bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ koríko yẹn lọ́sàn-án gangan, tútù ni wàá bá a. Gbogbo ọgbọ́n tí mo kọ́ nípa ilẹ̀ nígbà yẹn, ọgbọ́n bí a ṣe ń dá omi dúró ni.

Iṣẹ́ télọ̀ ló gbé mi wá sí Bìní. Èmi àti ìyá yín àgbà, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, gba yàrá nínú ilé yìí. Ọmọ Bìní ni onílé, iṣẹ́ igi gẹdú ló ń ṣe. Inú igbó ló ń gbé, ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Bàbá Isoken ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ìyàwó rẹ̀ la ń pè ní Ìyé, ìyẹn ìyá lédè tiwọn. Ìyé ló ní kí n máa lo ẹ̀yìnkùlé bó bá wù mí, torí koríko ló kún ibẹ̀, ejò sì ń yọ jáde níbẹ̀ wá sí ilé ìdáná rẹ̀.

Bí mo ṣe rí erùpẹ̀ pupa yìí, tó jinlẹ̀, tí ọkọ́ mi kò kan òkúta kankan nínú rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mo gbin erèé. Erèé yẹn fà, ó gun ògiri, ó yọ ewé tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi, àmọ́ kò so. Òjò kò jẹ́ kó sinmi kó ronú èso. Mo gbin àlùbọ́sà, ó rà. Mo gbin tòmátì nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan, ó yọ òdòdó, inú mi ń dùn, ni ewé rẹ̀ bá ká kò, igi rẹ̀ sì sorí kodò láàárọ̀ ọjọ́ kan bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú. Mo bu omi sí i. Ìyé ń wò mí láti ojú fèrèsé, bí mo ṣe ń bu omi sídìí tòmátì lẹ́yìn òjò. Ó pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wò ó.

Ṣùgbọ́n iṣu ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti gbé èbù iṣu gàǹbàrí wá láti oko bàbá mi. Mo kọ ebè bó ṣe ń kọ ọ́ gan-an, mo tẹ orí rẹ̀ kó jìn, mo fi koríko bò ó. Nígbà tí ó yọ, mo wá ọ̀pá tí yóò fi gùn. Igbó ṣì wà lẹ́yìn ibi tí a ti ń ránṣọ nígbà náà, mo sì rí akòko níbẹ̀, ó gùn gbọọrọ, ó dán, kò ní ẹ̀gún. Mo mọ akòko dáadáa, ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ oyè nílé wa. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn ará Bìní ń pè é ní ikhinmwin, àti pé òun ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ láti fi pààlà ilẹ̀. Ibi tí wọ́n bá rì í sí, ẹnì kan ń sọ níbẹ̀ pé, ibí ni tèmi parí sí, ìwọ dúró lọ́hùn-ún.

Mo gé e ní tútù, mo rì í ní ìlà kan ṣoṣo láti ògiri dé ògiri. Télọ̀ ni mí, ojú mi kò gba ìlà tó wọ́. Mo fi ìrépé aṣọ láti ilé iṣẹ́ so ìtàkùn iṣu mọ́ ọn, pupa níbí, àdìrẹ níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé rí bí ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe ọdún sí.

Ní Ṣakí, tó o bá gé ọ̀pá lónìí, kó tó dé oko ó ti ń di igi ìdáná. Nígbà tí òjò Bìní mú àwọn ọ̀pá mi, wọ́n yọ ewé. Gbogbo wọn. Mo pe ìyá yín àgbà kó wá wò ó, mo ní ilẹ̀ yìí dára débi pé òkú igi ń jí dìde. Ó wo ìtàkùn, ó wo ọ̀pá, ó bi mí pé ṣé iṣu ni a máa jẹ àbí akòko. Mo dúpẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ènìyàn sì bá mi dúpẹ́. Ìyé náà wá, ó dúró wo ìlà náà títí. Mo rò pé ẹwà rẹ̀ ló dá a dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bàbá Isoken dé láti inú igbó, àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ tààrà sí ẹ̀yìnkùlé, wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Bàbá Isoken gbọ́ Yorùbá, ó ti ṣiṣẹ́ gẹdú rí lápá Oǹdó.

"Télọ̀," ó ní, "ta ló ta ilẹ̀ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ta ilẹ̀ fún mi, bàbá. Iṣu ni mo gbìn."

Ó na ìka sí ìlà igi náà. "Iṣu nìyẹn?"

"Ọ̀pá iṣu ni, sà."

"Ọ̀pá tó ń yọ ewé?"

"Nílùú wa, bàbá, ọ̀pá kì í yọ ewé."

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn béèrè nǹkan kan lédè Bìní.

"Ó ní irú ìlú wo nìyẹn?"

"Ṣakí, sà. Òkúta ló pọ̀ níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi ohun tí mo ti ṣe. Àlejò tó gba yàrá ló fi ikhinmwin gé ilẹ̀ onílé sí méjì nígbà tí onílé kò sí nílé, ó sì fà á tọ́ bí okùn. Tí wọ́n bá dákẹ́, lọ́la ọmọ mi lè sọ pé bàbá òun ló ni apá kan. Mo gbọ́ tí ìyá yín àgbà ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nínú yàrá, torí ó ti gbọ́ pé kí a jáde ni wọ́n ń bọ̀ wá sọ. Oyún bàbá Délé ló wà nínú rẹ̀. A ò mọ ẹnikẹ́ni mìíràn ní ìlú yìí tí a lè lọ bá lálejò.

Ìyé ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ọkọ rẹ̀ yí sí mi, ó ní, "Ìyàwó mi ní kí o wa iṣu kan kí a rí i."

Mo yan ibi tí ìtàkùn ti nípọn jù. Bí mo ṣe fi ọkọ́ kàn án, omi ló kọ́kọ́ tú jáde. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, iṣu tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ kò ju ọ̀pọ̀lọ́ lọ, ó ti rà, ó ń rùn. Mo wa ebè kejì, bákan náà. Ojú tì mí ju ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ, torí pé iṣu bàbá mi ni. Bàbá Isoken bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan orí ebè tí mo tẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi gbẹ́ kòtò sórí ebè?"

"Kí omi lè dúró, sà."

"Kí omi lè dúró," ó ní. "Ní Bìní."

Ó sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Bàbá tó dàgbà jù yẹn mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó fi bo ojú. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ló ń rín, èjìká rẹ̀ ń mì, títí àwọn yòókù fi bá a rín in, tí Ìyé náà fi jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Isoken ní ẹni tó bá wá jí ilẹ̀ gbà kò ní jẹ́ aláìmọ̀kan tó báyìí. Iṣu rírà yẹn ni lọ́yà mi, ẹ̀yin ọmọ.

Wọ́n ní kí n fa gbogbo ọ̀pá náà tu níṣojú wọn, mo sì ń fà á tu. Gbogbo wọn ti ta gbòǹgbò. Nígbà tí ó ku ọ̀kan, èyí tó wà lápá ògiri yìí, Bàbá Isoken gbé ọwọ́ sókè. Ó dúró ti igi náà. Ó ní, "Fi èyí sílẹ̀. Láti ìdí rẹ̀ dé ògiri, máa gbin nǹkan sí i, ìwọ àti ọmọ rẹ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń gbé nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n tó o bá tún fẹ́ gé ọ̀pá, kọ́kọ́ wá bi mí."

Ìyé ló kọ́ mi ní Bìní látọjọ́ náà. Ó ní kí n jẹ́ kí ebè ga kó sì ṣẹ́nu ṣóńṣó, kí omi lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀, kí n sì la ojú ọ̀nà fún omi láàárín ebè kan sí èkejì. Ìyókù ni mo fi ojú ara mi wò títí tí mo fi mọ̀ ọ́n. Tòmátì níbí, ìgbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́ ni kó o gbé e jáde láti inú agbada tó o kọ́kọ́ gbin irúgbìn rẹ̀ sí, kó lè so nínú oòrùn. Ìdí ni kó o bu omi sí, má fi omi kan ewé. Ju imọ̀ ọ̀pẹ díẹ̀ lé e lórí bí oòrùn bá le. Eérú gbígbẹ ni kó o bù sára ilá láàárọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, tata kò sì ní sún mọ́ ọn. Ìgbẹ́ adìyẹ gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì pẹ́ kó tó kan gbòǹgbò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó o. Ìgbín ni ọ̀tá ẹ̀fọ́ jù lẹ́yìn òjò. Ní Ṣakí a máa ń wá ìgbín kiri, níbí òun ló ń wá wa. Ìyá yín àgbà á mú àtùpà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, á ṣà wọ́n kúrò lórí ẹ̀fọ́, lọ́jọ́ kejì wọ́n á pàdé ẹ̀fọ́ kan náà nínú ìkòkò.

Iṣu tí mo kọ́kọ́ wà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èmi nìkan kò lè fi ọwọ́ kan gbé e. Mo gbé e lọ fún Bàbá Isoken. Ìyá yín àgbà gún un, Ìyé se ọbẹ̀ dúdú tiwọn pẹ̀lú ewúro àti efinrin tó já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa, a sì jẹ ẹ́ pọ̀ lórí ẹní kan. Bàbá Isoken ní iṣu Ṣakí ti gbọ́ èdè Bìní báyìí.

Láti ìgbà náà, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa léèrè ọgbà Télọ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, iwájú pẹpẹ á kún fún iṣu, gbọ̀rọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata nínú agbọ̀n, òórùn ewé á sì gba gbogbo inú ilé. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba máa ń rán ènìyàn wá ra irúgbìn lọ́wọ́ mi. Báyìí, páálí nọ́ọ̀dù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò la fi ń ṣe ìkórè. Ó dára bẹ́ẹ̀ náà, Ọlọ́run ń gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò rí páálí tó ní òórùn rí.

Ẹ ṣì ń rí ọdún Igue tí Ọba Bìní máa ń ṣe. Ní òpin rẹ̀, àwọn ọmọdé máa ń mú ewé ewere kiri ojúlé ní kùtùkùtù, pẹ̀lú orin, ewé ayọ̀ ni. Isoken ló máa ń mú tiwa wá. Yóò fún ìyá yín àgbà, yóò fún mi, lẹ́yìn náà á sáré wá sí ẹ̀yìnkùlé, á fi ewé kan há àárín ẹ̀ka igi yìí. Mo rò pé eré ọmọdé ni.

Bàbá Isoken ti lọ, Ìyé tẹ̀ lé e, ìyá yín àgbà náà lọ. Ọgbà tó yí wa ká ti di ilẹ̀ kankéré lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, tí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á mu ún. Lóde òní kò rí ibi wọ̀, ó ń wọ yàrá. Isoken ló ni ilé báyìí, Airport Road ló ń gbé. Ènìyàn dáadáa ni, àwọn ayálégbé tó ní mọ́tò ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Àná ló mú àwọn òṣìṣẹ́ wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Olórí wọn ta okùn láti ògiri dé ògiri. Nígbà tó dé ibi igi yìí, ó fi àdá rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Bìní ni. Ó ní, "Madam, who get this ikhinmwin?" Ó lóun ò lè gé ààlà tí òun ò mọ ẹni tó ni ín.

Isoken wò mí. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láti orí èbù dórí iṣu rírà. Mo ní gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi nìkan ló kù, bí ó bá ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, mi ò ní bá a jà.

Ó rìn lọ bá igi náà. Ó na ọwọ́ sókè sí àárín ẹ̀ka yẹn, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè kàn nígbà náà àfi tó bá gun òkúta.

"Bàbá," ó ní, "ibí ni mo máa ń fi ewé sí. Bàbá mi ló máa ń rán mi. Mo bi í pé kí ló dé tí igi ń gba ewé ewere. Ó ní ẹnu ọ̀nà Télọ̀ ni, pé a kì í dé ẹnu ọ̀nà ènìyàn lọ́jọ́ yẹn ká má fún un ní tirẹ̀. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré."

Ó tú okùn náà fúnra rẹ̀. Ó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún igi yìí, ó sì so ó mọ́ èèkàn. Ó ní kí wọ́n da kankéré dé ibẹ̀ kí wọ́n dúró. Kó tó lọ, ó ní kí n gé ọ̀pá ewúro fún òun, pé ìkòkò ńlá kan wà lórí bàkóníì òun tí kò ní nǹkan nínú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Délé pè yín lónìí. Ẹ dìde báyìí. Èbù wà nínú agbọ̀n, àpò tí ẹni tí kò ní ilẹ̀ nílé máa kó erùpẹ̀ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ọ̀pá tí Délé gé wá, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Ó tutù, àbí? Ẹ gbé e sórí páànù kó gbẹ. Kí ẹ sì kọ ebè yín kó ṣẹ́nu ṣóńṣó. Ẹ má tẹ orí rẹ̀ o. Bìní la wà.